Ohun Tí Mi Ò Sọ fún Dókítà: Ìrírí Mi Pẹ̀lú Oògùn Àtọ̀gbẹ

Oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni. Ọjọ́ 14 oṣù náà ni gbogbo ayé fi ń ṣe ìrántí àrùn àtọ̀gbẹ, torí náà àwọn nọ́ọ̀sì kan wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi ọ̀sẹ̀ yẹn láti bá wa yẹ ṣúgà wò lọ́fẹ̀ẹ́. Mi ò fẹ́ tò sórí ìlà. Aṣọ ìgbéyàwó kan ń dúró dè mí nílé. Ọ̀rẹ́ mi ló fà mí lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì gún mi níka, ó wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, kò sọ nǹkan kan, ó tún gún ìka mìíràn. Ṣúgà mi jẹ́ 287 mg/dL. Ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dìde lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún lóru láti lọ tọ̀. Mò ń mu omi bí ẹni tó jẹ iyọ̀ lájẹjù. Mo ní ooru ló fà á. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí ọsibítù láìjẹun, ṣúgà mi sì jẹ́ 214. Dókítà ní bí ẹni tí kò tíì fi nǹkan kan sẹ́nu láàárọ̀ bá ti ní 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò tó tún rí bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ni. Ó kọ oògùn àtọ̀gbẹ kan, metformin 500 mg, fún mi, hóró kan láàárọ̀, hóró kan lálẹ́. Aránṣọ ni mí, ẹni ọdún 48 ni mí nígbà náà. Mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé bí mo bá ṣáà ti ń gbé oògùn mì, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba káàdì alátọ̀gbẹ lọ́sibítù, tàbí tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á, ni mò ń kọ èyí fún. Nínú gbogbo ohun tí mo ti fojú rí, oògùn tó yẹ kó wò mí ló sún mọ́ pípa mí jù, òun àti àwọn nǹkan tí mo ń gbé mì lé e lórí láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n sọ fún mi lọ́sibítù pé kí n máa lo metformin mọ́ oúnjẹ. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, wọ́n gbà pé oògùn tó bá bá inú lófìfo ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí mo bá ti jí, kí n tó bu omi bọ́jú, mo ti gbé e mì. Ọjọ́ kejì ni inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ti di ìgbẹ́ gbuuru. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lápá Tákíè, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí à ń lò wà lẹ́yìn ilé kẹta, onílé a sì máa ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: lọ́jọ́ kan, mi ò débẹ̀. Ìró kan tí oníbàárà fẹ́ gbà lọ́jọ́ náà ni mo ró wọlé. Oúnjẹ pàápàá wá ń dà bí irin lẹ́nu mi. Mo se ọbẹ̀ ẹja, mo tọ́ ọ wò, àfi bí ẹni tó lá owó ẹyọ.

Mo fi í sílẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ lẹ́yìn oṣù kan, dókítà bi mí pé, "Ṣé ẹ ń lo oògùn yín déédéé, mà?" Mo ní, "Mò ń lò ó, sà." Ṣúgà mi ti di 246. Ó wo káàdì, ó wò mí, ó ní ó jọ pé metformin nìkan ò ká a. Ó fi oògùn ṣúgà mìíràn, glibenclamide 5 mg, kún un.

Irọ́ tí mo pa ló kọ oògùn kejì yẹn. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí láìmọye ìgbà lórí máṣíìnì mi. Ká ní mo ti ní, "Ẹ má bínú, sà, ó ń yà mí nígbẹ̀ẹ́, mo ti fi í sílẹ̀," ohun tí ì bá ṣe kò le. Ẹyọ kan ni wọn ì bá ní kí n máa lò lálẹ́, ní àárín oúnjẹ, fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí n tó wá fi kún un díẹ̀díẹ̀. Irú rẹ̀ kan tún wà tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ikùn, tí kì í da inú láàmú tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn sì ni inú wọn máa ń balẹ̀ bí ara wọn bá ti mọ̀ ọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Gbogbo èyí ni mo wá mọ̀ lọ́dún 2021, nígbà tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ojú ló ń tì mí láti sọ̀rọ̀ ìgbẹ́ níwájú ọkùnrin tó lè jẹ́ àbúrò mi.

Nǹkan kékeré kan tún wà níbẹ̀ tó gbówó lọ́wọ́ mi. Bí glibenclamide ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fa ṣúgà wálẹ̀, ojú mi ṣú. Ojú abẹ́rẹ́ di méjì. Ojú ni aránṣọ fi ń jẹun, torí náà mo sáré lọ ra gíláàsì. Kò pé oṣù méjì tí gíláàsì náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi lórí, torí pé ojú mi ti padà sí bó ṣe wà. Bí ṣúgà bá pọ̀ lára, ó máa ń yí bí dígí inú ẹyinjú ṣe rí padà. Bó bá sì ń wálẹ̀, ojú náà á tún máa yí padà. Ẹ jẹ́ kí ṣúgà fìdí múlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó ra gíláàsì, àyàfi tí dókítà ojú bá sọ nǹkan mìíràn.

Ọ̀rọ̀ àgbo wá kàn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló mú mi lọ bá ìyá alágbo kan tó máa ń jókòó lẹ́bàá ọ̀nà láàárọ̀. Ejìnrìn àti ewúro ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, omidùn ló fi ń ṣe é. Ìgò kan fún ọjọ́ méjì. Ó korò débi pé etí mi ń hó bí mo bá mu ún. Lọ́sẹ̀ kejì, ṣúgà àárọ̀ mi di 118. Mo jó. Mo sọ lọ́kàn mi pé glibenclamide wà fún dókítà láti rí lórí káàdì, àgbo ló ń wò mí ní tòótọ́. Mi ò sọ fún dókítà nípa àgbo, kó má baà jágbe mọ́ mi. Mi ò sọ fún ìyá alágbo nípa oògùn òyìnbó, kó má baà ní mo ń ba iṣẹ́ òun jẹ́. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó wà nínú ikùn mi, èmi tí mi ò sì mọ ohun tí wọ́n lè ṣe bí wọ́n bá pàdé.

Ẹ má ṣi mí gbọ́, mi ò ní bú ewé. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọdún 1907 ni George Green, dókítà àwọn Onítẹ̀bọmi, dé láti Amẹ́ríkà, láti ìgbà náà ni àwọn ìyá wa ti ń lo ewé àti oògùn òyìnbó pọ̀. Metformin gan-an, ara ewé ni ìdí rẹ̀ ti wá. Ewéko kan tí wọ́n ń pè ní galega ní ilẹ̀ Yúróòpù ni àwọn onímọ̀ ti kọ́kọ́ rí irú èròjà bẹ́ẹ̀, dókítà ará Faransé kan, Jean Sterne, sì kọ̀wé lọ́dún 1957 nípa bí metformin ṣe wúlò fún àwọn alátọ̀gbẹ. Ejìnrìn ń fa ṣúgà wálẹ̀. Ewúro náà ń fà á. Ibi tó ń ṣiṣẹ́ yẹn gan-an ni ewu wà. Glibenclamide máa ń lé ara pé kó tú ínsúlíìnì, èròjà ara tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, jáde, ì báà jẹ́ pé o jẹun tàbí o kò jẹun. Bí ejìnrìn bá tún wá ń fà á láti apá kejì, ó dà bí ìgbà tí ẹni méjì ń ti ọkọ̀ kan sọ̀kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí ẹnì kìíní kò mọ̀ pé ẹnì kejì wà níbẹ̀. A lè ka hóró oògùn, 5 ni 5. Àgbo tòní lè ki, kí tọ̀la ṣàn. Àwọn mìíràn sì ń fi ògógóró ṣe é. Ọtí fúnra rẹ̀ máa ń já ṣúgà wálẹ̀ bí ebi bá wà nínú, ọtí àmujù sì tún léwu fún ẹni tó ń lo metformin, torí ó lè sọ ẹ̀jẹ̀ di kíkan.

Ara mi kìlọ̀ fún mi. Oṣù kejìlá ọdún 2020, aṣọ ẹbí kún ṣọ́ọ̀bù dé àjà. Mo máa ń gbé glibenclamide mì láàárọ̀, kí n wá gbàgbé oúnjẹ títí di aago méjìlá. Ní bí aago mọ́kànlá, ebi òjijì á mú mi, òógùn tútù á bo iwájú orí mi, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, àyà mi á máa lù kìkì. Inú á sì máa bí mi láìnídìí. Lọ́jọ́ kan mo jágbe mọ́ ọmọ iṣẹ́ mi lórí kọ́là kan, ọmọ náà sunkún, ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo rí i pé èmi fúnra mi ni mo gé kọ́là yẹn. Bí mo bá mu mínírà, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbogbo rẹ̀ á lọ. Mo pè é ní ọgbẹ́ inú. Mo tilẹ̀ ra oògùn ọgbẹ́ inú. Ṣúgà mi ló ń já sísàlẹ̀ 70, mo sì ní ẹ̀rọ tí mo lè fi yẹ̀ ẹ́ wò nínú kọ́ńbọ́ọ̀dù nílé. Mi ò gbé e jáde rí lọ́sàn-án, torí èrò mi ni pé gíga ṣúgà nìkan ni à ń ṣọ́.

Ní oṣù kẹta ọdún 2021, ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Mo gba kẹ́míìsì lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ kò bi mí léèrè kankan, èmi náà ò sì sọ pé mo ní àtọ̀gbẹ. Ó fún mi ní ciprofloxacin 500 mg, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, kí n máa lò ó lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti lò ó rí. Ará ilé ni a ka cipro sí.

Ọjọ́ kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi. Mo ti lo glibenclamide, mo ti mu àgbo, mo sì gbé cipro mì. Àsìkò máńgòrò ni. Oníbàárà kan ti kó mẹ́rin wá fún mi, wọ́n wà lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, òórùn wọn gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Mi ò fọwọ́ kàn wọ́n torí ẹ̀rù ṣúgà tó wà nínú wọn. Lẹ́yìn aago mẹ́rin, mo fẹ́ fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Kò wọlé. Mo fi itọ́ rin ín, mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n rìrì, òwú náà ń gba ẹ̀gbẹ́ ojú abẹ́rẹ́ kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo kà. Mo rántí pé mo sọ fún ara mi pé òwú yìí ti bàjẹ́. Mo rántí pé bùbá tó wà níwájú mi jẹ́ léèsì aláwọ̀ ewé. Mi ò rántí nǹkan mìíràn mọ́.

Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo fi ń sọ ìyókù. Wọ́n ní mo dorí kodò sórí máṣíìnì, ọmọ iṣẹ́ mi rò pé mo ń sùn. Nígbà tó fọwọ́ kàn mí, aṣọ mi ti tutù ṣìnkìn fún òógùn. Mo ń sọ̀rọ̀ tí kò já gaara, mo sì ń ti ọwọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbé mi. Àwọn kan ní ẹ̀mí èṣù ni, kí wọ́n gbé mi lọ fún àdúrà. Ẹnì kan ti fẹ́ da omi sí mi lẹ́nu. Ọmọ mi obìnrin ló dé tó ní ọsibítù ni, ọsibítù náà ni wọ́n sì gbé mi lọ. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan tó ń lo oògùn ṣúgà ṣàdédé ń ṣe bí ọ̀mùtí tàbí bí wèrè, àyà mi á já. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ yẹ ṣúgà rẹ̀ wò. Bí kò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè fa gúlúkóòsì sí i lára.

31 ni ṣúgà mi nígbà tí a débẹ̀. Wọ́n fa omi gúlúkóòsì sí mi lára, mo lajú, mo mọ ọmọ mi. Wọ́n rò pé a lè máa lọ sílé láàárọ̀. Ní bí aago mẹ́ta òru, ó tún já, 48. Glibenclamide kì í kúrò lára kíákíá, ó lè máa fa ṣúgà wálẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, títí ilẹ̀ tún fi ṣú. Alẹ́ méjì ni mo sùn síbẹ̀. Bó bá ṣe pé ilé ni mo wà lóru yẹn, tí gbogbo wa ti sùn, ǹ bá má jí mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, fámásíìsì obìnrin kan wá. Ó ní kí ọmọ mi lọ kó gbogbo ohun tí mo ń gbé mì wá, gbogbo rẹ̀. Ọmọ mi kó wọn wá nínú nọ́ọ̀lọ́n dúdú, ó sì fi gèlè rẹ̀ wé ìgò àgbo nítorí ìtìjú. Fámásíìsì dà wọ́n sórí àwo irin. Mo ṣì ń rí àwo náà. Metformin páálí márùn-ún tí mi ò tú, ti oṣù márùn-ún. Glibenclamide tó ku hóró méje. Lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Ibuprofen fún ẹ̀yìn. Ṣáṣẹ́ẹ̀tì cipro tó ku ìdajì. Nọ́ọ̀lọ́n kékeré kan tí wọ́n di hóró mẹ́rin mẹ́rin sí, pupa, funfun, yẹ́lò, tí mo máa ń rà fún ara ríro. Àti ìgò àgbo. Kò pariwo mọ́ mi. Ó fa àga, ó jókòó, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ó bẹ̀rẹ̀ lórí cipro. Ó ní cipro àti àwọn ìbátan rẹ̀, bíi levofloxacin, lè já ṣúgà wálẹ̀ gidigidi lára ẹni tó ń lo irú oògùn bíi glibenclamide, àti pé ní oṣù keje ọdún 2018, FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n túbọ̀ fi ìkìlọ̀ náà hàn gbangba lára ìwé oògùn. Ó ní Septrin, oògùn kòkòrò àrùn tí a fi ń ṣeré, náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, fluconazole tí àwọn obìnrin ń lò fún ara yíyún náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, kíníìnì tí wọ́n fi ń wo ibà náà ń fa ṣúgà wálẹ̀. Mo ń gbọ́, ara mi ń tutù. Kò sí èyí tí mi ò lò rí nínú wọn.

Ó wá gbé nọ́ọ̀lọ́n ara ríro sókè. Ó tọ́ka sí hóró funfun kékeré kan. Ó ní òun ò lè búra torí kò ní páálí, kò ní nọ́mbà NAFDAC, ṣùgbọ́n dexamethasone ni wọ́n sábà máa ń fi sínú irú rẹ̀. Ó bi mí bóyá ó máa ń mú mi jẹun gan-an, bóyá ojú mi máa ń wú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní dexamethasone àti ìbátan rẹ̀, prednisolone, máa ń gbé ṣúgà lọ sókè. Ìgbà náà ni mo rántí pé ní oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, tí ṣúgà mi di 312 tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìdí rẹ̀, ẹ̀yìn ń dùn mí, mo sì ń lo nọ́ọ̀lọ́n yẹn lójoojúmọ́. Ó tún kìlọ̀ ohun kan tó yẹ kí ẹ mọ̀: ẹni tó bá ti lo irú hóró bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì fúnra rẹ̀, kó lọ rí dókítà, torí ara lè ti gbára lé e.

Ti ibuprofen ló yà mí lẹ́nu jù. Kíndìnrín ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ti ń ru ẹrù tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ibuprofen tàbí diclofenac lójoojúmọ́, mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi lisinopril, lè pa kíndìnrín náà lára. Bí kíndìnrín bá sì ti dẹ̀, glibenclamide á máa pẹ́ lára ju bó ṣe yẹ lọ, metformin náà á sì di ohun tí wọ́n ní láti dín kù tàbí kí wọ́n dá dúró. Okùn kan náà ni gbogbo wọn so mọ́. Paracetamol ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ fún ẹ̀yìn mi. Wọ́n yẹ kíndìnrín mi wò, ó ṣì dára, mo dúpẹ́. Mo ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún báyìí.

Nígbà tí dókítà dé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ìgbẹ́ gbuuru. Kò bú mi. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́, mà." Ó yọ glibenclamide kúrò. Ó dá mi padà sí metformin, èyí tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, hóró kan pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó tó di méjì. Àmàlà láfún kékeré, ẹ̀fọ́ púpọ̀, hóró oògùn láàárín òkèlè. Inú mi kùn fún ọjọ́ mẹ́rin, ó sì dákẹ́.

Yorùbá ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ọ̀yọ́, ẹni ọdún 67, glibenclamide lòun náà ń lò, pẹ̀lú propranolol fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo wọkọ̀ lọ bá a lọ́sẹ̀ tí mo délé. Propranolol máa ń bo àmì mọ́lẹ̀: ọwọ́ kì í gbọ̀n mọ́, àyà kì í lù mọ́, òógùn nìkan ló sábà máa ń ṣẹ́ kù láti sọ fúnni pé ṣúgà ti já. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń sọ pé òógùn òru ń da òun láàmú! Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá, nínú àkọsílẹ̀ oògùn tó ṣe pàtàkì, kọ ọ́ pé glibenclamide kò dára fún ẹni tó bá ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má dá nǹkan kan dúró fúnra rẹ̀, kó kó gbogbo rẹ̀ lọ bá dókítà rẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ méjèèjì. Aṣọ tó fi ń sùn kì í tutù mọ́.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2024, mi ò sì ní fi pamọ́, torí mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé mi ò ní fi nǹkan kan pamọ́ mọ́. Ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí bí ẹni pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ rẹ̀. Mo ń tẹ máṣíìnì, mi ò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ mi wà lórí irin tàbí kò sí. Gbogbo ènìyàn ní àtọ̀gbẹ ni, kò sí ohun tí a lè ṣe. Mo ti fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n mo bi dókítà bóyá oògùn lè wà nídìí rẹ̀, ó sì ní ìbéèrè tó dára ni: ẹni tó bá ti ń lo metformin fún ọdún púpọ̀, vitamin B12 lè dín kù lára rẹ̀, ẹsẹ̀ á sì máa ta á gẹ́lẹ́ bíi ti àtọ̀gbẹ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ti lọ sílẹ̀. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ B12 fún ìgbà díẹ̀. Kò lọ tán, ṣùgbọ́n mo tún mọ irin lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Nọ́ọ̀lọ́n dúdú yẹn ti di àpò aṣọ báyìí, àńkàrá tó ṣẹ́ kù ni mo fi rán an. Gbogbo ohun tí mò ń gbé mì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìwé kékeré kan tí mo kọ orúkọ wọn sí. Mi ò lọ sí ọsibítù tàbí kẹ́míìsì láìgbé e dání, ì báà ṣe ikọ́ lásán ni mo ń rà oògùn rẹ̀. Gbólóhùn tí mo kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé, "Mo ní àtọ̀gbẹ, ohun tí mò ń lò rèé." Ọjọ́ tí mo bá ń bì tàbí tí mi ò lè jẹun, mo máa ń pe ọsibítù kí n tó gbé metformin mì. Gúlúkóòsì wà nínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì mi. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mọ̀ pé bí ọwọ́ mi bá ń gbọ̀n tí mo ṣì lè gbé nǹkan mì, kí wọ́n po ṣíbí ìpotíì mẹ́ta nínú omi fún mi, tàbí ìdajì ìgò mínírà tó ní ṣúgà, kí wọ́n yẹ̀ mí wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kí n sì jẹun. Èyí tó kéré jù nínú wọn ló mọ ẹ̀rọ náà lò jù mí lọ.

Mo padà lọ bá ìyá alágbo. Ó gbà mí ní oṣù mẹ́ta kí n tó lè dójú kọ ọ́. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Ìyá, mò ń lo oògùn òyìnbó nígbà tí mò ń mu àgbo yín, mi ò sọ fún yín." Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó fi ìgò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di apànìyàn." Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mo ń kọjá lọ sọ́jà, ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní kó bu ti ìtọ̀ ṣúgà fún òun. Igbá ti wà lọ́wọ́ ìyá náà. Kò tíì ri í bọ inú ìkòkò tó fi bi í pé, "Hóró wo ni wọ́n ní kí o máa lò lọ́sibítù?"